Kí Ẹ Tó Kó Lọ Sí Erékùṣù, Ẹ Ka Owó Àbọ̀ Mọ́ Owó Àlọ

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ onísòwò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó lọ sí Cape Verde, erékùṣù àárín òkun tí àwọn òyìnbó ti ń wá gba atẹ́gùn. Wọ́n ní kò gba físà. Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé, owó ibẹ̀ sì le ju náírà lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ti lè gbé ọjà dé ibẹ̀, yóò tà á tán. Bí wọ́n bá ti sọ gbogbo ìyẹn tán, ohun tó kàn ni kí wọ́n béèrè fọ́ọ̀mù owó yíyá.

Ìdí nìyí tí Ìgbìmọ̀ fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn wa. Kì í ṣe pé a fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Onísòwò ni wá, ìrìn àjò sì wà nínú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n owó tí ẹgbẹ́ ń yá ni, owó ọmọ ẹgbẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀.

IRÚ IBI WO NI CAPE VERDE?

Cape Verde, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Cabo Verde, kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo. Erékùṣù 10 ni, èèyàn sì ń gbé orí 9 nínú wọn. Inú òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n wà, nǹkan bíi kìlómítà 570 sí etíkun Sẹ̀nẹ̀gà. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ wọn jọ, ó fi díẹ̀ ju Ìpínlẹ̀ Èkó lọ ni. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ibẹ̀ ní 2021, wọn kò pé 500,000. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ rárá kí àwọn Pọtogí tó dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460. Wọ́n tẹ ìlú Ribeira Grande dó ní 1462 lórí erékùṣù Santiago. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà sí kí wọ́n tó tún kó wọn kọjá òkun. Wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1975. Praia, lórí Santiago, ni olú ìlú wọn. Èdè Pọtogí ni ìjọba ń lò, ṣùgbọ́n Kriolu ni èdè ilé àti èdè ọjà.

Ìtumọ̀ "verde" ni àwọ̀ ewé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yìí tàn yín. Ṣóńṣó ilẹ̀ kan ní Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti mú orúkọ náà, erékùṣù wọ̀nyí ní tiwọn gbẹ. Oṣù díẹ̀ lọ́dún ni òjò fi ń rọ̀, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, ọdún mìíràn sì wà tí kò ní rọ̀ dáadáa. Ọ̀dá mú wọn gidi ní 2017 àti 2018. Ilẹ̀ tó ṣeé dáko kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà a máa gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibẹ̀ ní ire tirẹ̀ pẹ̀lú, ká má purọ́. Ìlú tó fara balẹ̀ ni, ìdìbò ń lọ ní ìrọ̀rùn, ìjọba sì ń gbé ara wọn lé ara wọn lọ́wọ́ láìsí ìbọn. Ní oṣù Kìíní, 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ wọn tó gbajúmọ̀ jù, kàchúpà, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n ń sè pọ̀. Ẹni tó bá mọ àdàlú kò ní ṣàjèjì rẹ̀.

KÒ GBA FÍSÀ, ÒÓTỌ́ NI, ṢÙGBỌ́N KÒ PARÍ SÍBẸ̀

Ọmọ ECOWAS ni Cape Verde, bí Nàìjíríà ti jẹ́. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún, 1975. Ní 1979, àwọn olórí ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 90, bí ó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà tó péye àti káàdì àjẹsára. Ẹ̀tọ́ àtigbé ìlú àti àtiṣiṣẹ́ wọ àdéhùn mìíràn ní 1986, ti àtidá òwò sílẹ̀ sì wọ ti 1990.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, ọjọ́ 90 kì í ṣe ayérayé. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Èkejì, àdéhùn 1979 yẹn kan náà gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti dá àlejò tí òfin wọn kò gbà wọlé padà. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú lè bi yín pé níbo lẹ ó dé sí, kí lẹ wá ṣe, èló lẹ mú lọ́wọ́. Ẹni tí kò rí èsì gidi fún un lè fi ọkọ̀ òfurufú tó gbé e wá padà sílé.

"Kò gba físà" kò túmọ̀ sí "kò gba ìwé". Ẹni tí kò níwèé kò lè rọrùn fún láti gba ṣọ́ọ̀bù, láti ṣí àkáǹtì ní báńkì, tàbí láti gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ọlọ́pàá bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé, "Ẹ ṣáà wọlé ná, ìyókù á yanjú ara rẹ̀," ẹ bi í pé ọ̀nà wo ni yóò gbà yanjú, àti pé èló ni.

ÒKUN LÓ Ń DÁ IYE LÉ ỌJÀ

Ohun tí onísòwò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa erékùṣù nìyí. Nílé wa, bí tòmátì bá wọ́n ní ọjà kan, ọkọ̀ á gbé e wá láti ibòmíràn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Erékùṣù kò ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ilẹ̀ wọn kò bá mú jáde, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfurufú ni yóò gbé e dé, owó ọkọ̀ náà yóò sì gorí ọjà. Ìrẹsì wọn, àlìkámà wọn, púpọ̀ nínú àgbàdo wọn, epo mọ́tò, sìmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi. Ní erékùṣù Sal, Boa Vista àti São Vicente, ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló ń pèsè omi tí wọ́n ń mu. Sal gan-an, iyọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Pọtogí. Iná ló ń yí ẹ̀rọ náà, epo tí wọ́n rà láti òkèèrè ló sì ń mú púpọ̀ jù nínú iná náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná pẹ̀lú. Bí epo bá gbówó lórí lágbàáyé, iná gbówó lórí, omi náà gbówó lórí. Ìyá tó ń ta oúnjẹ yóò fi kún owó àwo kan. Ẹni tó bá ti ń fa omi kànga lọ́fẹ̀ẹ́ nílé kò ní ka omi mọ́ ìnáwó rẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ ilé náà ń bẹ. Sal àti Boa Vista ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá pọ̀ sí. Àwọn ọmọ erékùṣù yòókù àti àwọn àlejò láti ilẹ̀ Áfíríkà ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún iṣẹ́, ilé kò sì tó. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ilé ti wọ́n jù, ibi tí ilé ti dẹ̀rọ̀, owó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé erékùṣù 9 ni èèyàn ń gbé. Praia lórí Santiago àti Mindelo lórí São Vicente ni èbúté ńlá wọn wà. Bí ẹrù yín bá gúnlẹ̀ sí Praia, tí ẹ sì ń tajà ní Boa Vista, ẹ ó tún san owó ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀kejì. Bí òkun bá ń ru, ẹrù á dúró dè yín, ẹ̀yin náà á dúró dè é.

TA NI YÓÒ RA ỌJÀ YÍN?

A ní kí ẹ fi iye èèyàn ibẹ̀ sọ́kàn. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò pé ìdajì mílíọ̀nù, wọ́n sì pín sórí erékùṣù 9. Nígbà tí ìjọba wọn kọ́kọ́ fi òfin gbé owó oṣù tó kéré jù kalẹ̀ ní 2014, escudo 11,000 ni, ìyẹn nǹkan bíi yúrò 100. Ní 2018, ó di 13,000. Wọ́n ti tún fi kún un lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọjà lè wọ́n níbi tí àpò oníbàárà kò ti kún.

Kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ni ẹ ń lọ. Ní ọjà Sucupira ní Praia, ẹ ó bá àwọn onísòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà, Gínì, Gínì-Bìsáù, Gánà àti Nàìjíríà níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1995 ni àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣí ilé ìtajà tiwọn káàkiri erékùṣù, tí wọ́n ń ta bàtà, aṣọ àti ohun èlò ilé ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ọjà kan náà lọ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé, kí ni màá fi borí wọn?

"Àwọn òyìnbó afẹ́ ńkọ́?" Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ti san owó ìbùsùn, oúnjẹ àti ohun mímu pọ̀ láti ìlú wọn kí wọ́n tó wá, inú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì ń ná an sí. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ọkọ̀ òfurufú dúró, òtẹ́ẹ̀lì tì, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà sì fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ dínkù lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti ère etí òkun kò rí ẹni tà á fún.

Ohun mìíràn tún wà tí kò sí lórí ìwé ìṣírò. Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pe àwa ará ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀, "mandjaku". Orúkọ ẹ̀yà kan ní Gínì-Bìsáù àti Sẹ̀nẹ̀gà ni ní ti gidi, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi pe gbogbo wa, ó sì máa ń ní ẹ̀gàn nínú nígbà mìíràn. Ẹni tí kò gbọ́ Kriolu kò ní mọ ìgbà tí wọ́n ń kí i àti ìgbà tí wọ́n ń bú u. Tí ẹ bá ní ọmọ, èdè Pọtogí ni wọn yóò fi kọ́ ọ níléèwé.

NÁÍRÀ, ESCUDO ÀTI YÚRÒ

Wọ́n so escudo mọ́ yúrò: escudo 110.265 ni yúrò 1. Kì í lọ sókè, kì í lọ sílẹ̀ sí yúrò. Èyí dára fún ẹni tó ń pa owó níbẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń kó náírà jọ nílé láti fi lọ, ewu ni. Ṣebí gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2023. Kí oṣù Kẹfà ọdún náà tó dé, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là 1 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó ti kó owó ìrìn àjò jọ ní náírà kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, owó rẹ̀ kò kúrò nínú àpótí, síbẹ̀ ó ti dínkù ju ìdajì lọ.

Ẹ tún mọ̀ pé escudo kò ní ọjà nílé wa. Ẹ ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di yúrò kí ẹ tó lè sọ ọ́ di náírà. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó yóò jẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

ÀWỌN ỌMỌ ERÉKÙṢÙ FÚNRA WỌN

Ẹ̀rí tó tóbi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Cape Verde fúnra wọn. Wọ́n ní ọmọ wọn tó wà lókè òkun pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Láti ayé àwọn ọkọ̀ tó ń pa àbùùbùtán ni wọ́n ti ń lọ sí New Bedford ní Amẹ́ríkà. Àwọn mìíràn wà ní Pọ́túgà, Faransé àti Họ́lándì. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Ọ̀dá àti ebi ló lé wọn. Láàárín 1941 sí 1948 nìkan, ìyàn pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú wọn.

Nígbà yẹn, ìjọba Pọtogí ń kó àwọn tí ebi ń pa lọ sí São Tomé, erékùṣù òjò àti kòkó, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ oko lábẹ́ ìwé àdéhùn. Wọ́n ní iṣẹ́ wà, oúnjẹ wà, ọdún díẹ̀ ni, wọ́n á padà wálé. Owó iṣẹ́ kéré, ohun tí wọ́n ń yọ nínú rẹ̀ pọ̀. São Tomé gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, 1975, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn Cape Verde. Àwọn olóko Pọtogí kó lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n darúgbó síbẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn sì wà ní São Tomé títí di òní. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ilé. Òkun ló wà láàárín, owó àtikọjá rẹ̀ ni kò sí.

OWÓ ÀBỌ̀

Àwa náà mọ̀ ọ́n lára. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ẹ̀jìgbò àti ìlú púpọ̀ mìíràn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ọjà Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tà á ní ọ̀pọ̀, ẹni tó fi ọjà ṣàwìn kò rí owó gbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni Gánà. Ọkọ̀ lọ́rí gbé wọn gba Tógò àti Dàhòmì dé ilé. Bí ó bá jẹ́ erékùṣù ni, ta ni ìbá fi lọ́rí kó wọn?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi ₦100 ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ rọ́pò. Ẹnì kan yá ₦100, ó ní òun ń lọ ṣòwò ní erékùṣù:

Tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìrìnnà: ₦20
Owó ilé, pẹ̀lú àsansílẹ̀: ₦20
Oúnjẹ, omi àti iná fún oṣù mẹ́ta kí èrè tó wọlé: ₦20
Ìwé ìgbélùú àti ìwé òwò: ₦10
Owó àbọ̀ tí a kì í fọwọ́ kàn: ₦15
Ó ku fún ọjà: ₦15

Ẹ wò ó dáadáa. Ó rò pé òun gbé ₦100 lọ ṣòwò, ₦15 ló fi ń ṣòwò. Èrè ₦15 yẹn ni yóò fi jẹun, tí yóò fi san ilé, tí yóò sì fi dá ₦100 àti èlé padà fún ẹgbẹ́. Bí kò bá rí i dá, ta ni yóò san án? Onídùúró ni. Ìyá oníṣu tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nítorí ojú àánú, òun ni akápò yóò máa yọ owó nínú ìfipamọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, nígbà tí ẹni tó jẹ owó wà lẹ́yìn òkun.

OHUN TÍ A Ó MÁA BÉÈRÈ

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fún irú ìrìn àjò báyìí, kí ó jọ̀ọ́ mú nǹkan wọ̀nyí wá síwájú Ìgbìmọ̀:

1. Ìṣírò ìnáwó oṣù mẹ́fà ní escudo, kì í ṣe ní náírà nìkan, pẹ̀lú omi, iná àti ilé.

2. Orúkọ ọjà tó fẹ́ tà, erékùṣù tó ń lọ, àti ẹni tó ti ń ta irú rẹ̀ níbẹ̀.

3. Ohun tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú lẹ́yìn ọjọ́ 90. Kí ó béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba, kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

4. Owó àbọ̀ tirẹ̀, tí kì í ṣe owó ẹgbẹ́, tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan nílé tàbí ní báńkì.

5. Àwọn onídùúró rẹ̀ fúnra wọn, kí a ka ìṣírò náà sí wọn létí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ìmọ̀ràn kan ṣì kù, èyí tí kò wọ́n. Ẹ lo ọjọ́ 90 yẹn bí ó ti yẹ. Ẹ fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣeé gbára lé, ẹ mú ọjà díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ lọ fi ojú ara yín rí ọjà náà, ẹ kọ́ Kriolu díẹ̀, kí ẹ sì padà wá sọ fún wa. Ẹni tó lọ wò tó sì padà kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó tó lọ wò, ó ti kó gbogbo ẹyin rẹ̀ lé orí omi.

Ẹni tí ìṣírò rẹ̀ bá dúró lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ẹgbẹ́ yóò tì í lẹ́yìn, a ó sì gbàdúrà fún un. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ló ń bọ̀ wálé. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí á rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́